Mi ò kú o, ẹ bá mi dúpẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kọ "sùn re o" sábẹ́ fọ́tò mi, ẹ ṣé o, mo ti dé Ìbàdàn, mo ti jẹ àmàlà, mo tún ní kí wọ́n bu gbẹ̀gìrì kún un. Yìnyín já látorí òkè bò mí mọ́lẹ̀ ní Colorado l'Amẹ́ríkà, avalanche ni wọ́n ń pè é, àmọ́ òkè ọ̀hún ò gbé mi mì. Ògo ni f'Ólúwa!

Mi ò ní tún ìtàn bí mo ṣe débẹ̀ sọ, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Arábìnrin tó ṣáájú wa lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni táwọn kan ń sọ pé wàhálà ẹ̀ ti pọ̀ jù. Níbi tá a páàkì mọ́tò sí ló ti yẹ ẹ̀rọ beacon tó wà láyà kálukú, èyí tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yìnyín bá bò mọ́lẹ̀, wò, ó ní kí n gbé fóònù mi jìnnà sí i torí fóònù máa ń dà á láàmú. Bọ̀ọ̀dá kan ń rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá yìí náà ló pẹ́ dé tá a fi ń dúró dè é títí oòrùn fi yọ dáadáa, ẹ ò rí nǹkan. Oṣù kẹrin ni o, ìgbà ìrúwé, yìnyín tí ò bá dì dáadáa lóru, tí oòrùn wá lù ú, omi á wọnú ẹ̀, ìgbàkigbà ló lè já. Nígbà tí arábìnrin náà rí i pé ẹsẹ̀ wa ti ń rì, tí yìnyín róbótó-róbótó ti ń yí bọ̀ látòkè, ó ní ká yára padà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tá a gbọ́dọ̀ là kọjá, ó ní lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó kù dúró síbi tí kò léwu, kí wọ́n má gbójú kúrò lára ẹni tó ń lọ. Ló bá kàn mí.

Ilẹ̀ tí mo tẹ̀ ló ń lọ, èmi náà ń bá a lọ, ó ń yí mi, mi ò mọ òkè mọ ilẹ̀ mọ́. Nígbà tó dúró, ó gan mọ́ mi lára bíi sìmẹ́ǹtì tó ti gbẹ, ìka kan mi ò lè mì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti gbọ́wọ́ síwájú ẹnu bí arábìnrin yẹn ṣe kọ́ wa, kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè wà. Mo kígbe, wọn ò gbọ́. Èmi ń gbọ́ wọn o! Mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀, ìwọ wá síbí, ìwọ mú ọ̀pá wá, mo wá ń rò ó pé ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ n'Íbàdàn, màmá mi á máa palẹ̀ ọjà mọ́ l'Ọ́jà'ba, wọn ò mọ nǹkan kan. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń gún yìnyín kàn mí léjìká. Wọ́n fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ, ẹnu mi ló kọ́kọ́ tú sílẹ̀, ó ní kí n má sọ̀rọ̀, kí n ṣáà máa mí. Nígbà tí mo jáde mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú yìnyín níbẹ̀, ó rò pé mo dákú ni. Tó bá jẹ́ pé gbogbo wa la jọ kọjá, ta ni ì bá wà mí? Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ ni ìrètí wà, hẹlikọ́pítà ò ní tíì gbéra.

Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí tẹ́ ẹ ní ayé ló tì mí, kí n lọ wẹ̀ lódò, ṣé ayé náà ló gbé odò Ògùnpa wọlé èèyàn ní 31 August 1980? Oòrùn ló mú yìnyín yẹn rọ̀. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ ẹni tí avalanche ń pa, ẹsẹ̀ tiwọn tàbí ti ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ló já a.

Ẹni tọ́mọ ẹ̀ bá ń gun òkè lọ́hùn-ún, àdúrà dáa, àmọ́ kó tún ní kó máa ka ìkìlọ̀ tí Colorado Avalanche Information Center ń gbé jáde, 1 dé 5 ni wọ́n fi ń sọ bí ewu ṣe tó, kó sá fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bá wà láàárín 30 sí 45 dígírì nígbà tí yìnyín ti rọ̀, kó jí jáde kó sì ti kúrò kí oòrùn tó mú. Kó má sọ pé òun ní beacon o. Ní April 2013, nítòsí Loveland Pass, èèyàn 5 kú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ní in lára.

Ìdúpẹ́ di Sunday tó ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ yà nílé wá jẹun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n lọ wẹ̀ náà, ẹ máa bọ̀, ẹ ṣáà má bá mi mú ọṣẹ wá.