Màmá, Àbúrò Mi àti Ọgọ́rùn-ún Ọkùnrin Oníhòòhò

Àbúrò mi tó ń gbé ní Liverpool ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin abẹ́ ilẹ̀. Owó tó ná lé e lórí ń dùn ún wọra, kò sì tíì rí nǹkan kan fi hàn ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí èmi àti Màmá lọ kí i láti Ìbàdàn, ó ní àwa la máa mú oríire wá, ó bá kó wa lọ sí etí òkun Crosby.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà ní Crosby fún yín. Ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ló dúró sórí iyanrìn níbẹ̀, ìhòòhò ni gbogbo wọn wà, òkun ni gbogbo wọn kọjú sí. Irin ni wọ́n. Oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Antony Gormley ló fi ara tirẹ̀ ṣe àwòṣe wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wúwo tó 650 kílò. Wọ́n ti dúró ní Jámánì, Nọ́wè àti Bẹ́ljíọ̀mù rí kí wọ́n tó kó wọn dé Crosby ní 2005. Bí omi bá kún, òkun á gbé àwọn tó wà lọ́hùn-ún mì. Bó bá fà, wọ́n á tún yọjú. Iyanrìn náà kò ṣàánú wọn: ó ti bo ẹlòmíì dé orúnkún, ó bo ẹlòmíì dé àyà.

Àbúrò mi kò sọ èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ yìí fún Màmá.

Màmá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó tún gèlè wé, ó rí ọkùnrin kan tó kẹ̀yìn sí wa. "Ẹ kú atẹ́gùn o, sà." Kò dáhùn. Màmá súnmọ́ ọn díẹ̀, ó tún kí i. Ìgbà yẹn ló tó rí i pé kò sí ṣòkòtò nídìí bàbá. "Háà! Wọ́n kí ọ, o ò dáhùn, o tún bọ́ra sílẹ̀ nínú òtútù!"

A ṣàlàyé fún un. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n sì ti bí Màmá o, irin kì í ṣe àjèjì sí i. Ó gbá ọkùnrin náà léjìká, ó gbá a nídìí, ó mi orí. "Irin gidi ni. Irin tó lè ṣe ọkọ́ àti àdá fún odidi abúlé, ìdí ni wọ́n fi ṣe!"

Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ kò dákẹ́ látìgbà tí àbúrò mi ti tàn án. Omi iyọ̀ tó wà nínú iyanrìn tútù nìkan ti tó ohun tó ń mú un kùn. Bó bá tún wá dé ìtòsí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yìí, igbe ni, bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò mi tẹ bọ́tìnì kan, ó ní òun ti pàṣẹ fún un pé kó má dá irin lóhùn mọ́, kó máa wá wúrà, fàdákà àti owó nìkan.

A gbẹ́ ilẹ̀. Etí agolo bíà. A dí ihò náà, nítorí pé ẹni tó bá gbẹ́ ihò gbọ́dọ̀ dí i. A tún gbẹ́. Etí agolo. Ó ṣàlàyé pé létí ẹ̀rọ, ohùn etí agolo àti ti òrùka wúrà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Màmá ní kó máa ra ẹ̀rọ tí etí rẹ̀ là.

Lẹ́yìn náà la rí owó ẹyọ póùn kan. Bí mo ṣe nawọ́ ni Màmá gbá a. "Ṣé o fẹ́ di iṣu ni?" Kò sí àlàyé tí àbúrò mi kò ṣe. Ó sọ nípa òfin 1996, pé bí èèyàn bá hú ìṣúra nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 14 ló ní láti fi tó òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ikú òjijì létí. Ìyẹn ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

"Owó tí ẹni tó ń wádìí ikú ń béèrè," ni Màmá wí, "ẹ ní kí n fọwọ́ kàn án?"

Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Àbúrò mi tọwọ́ bàpò kó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Kò sí. Ó tú àpò kejì. Ó wò mí, mo wò ó, àwa méjèèjì wá wo gbogbo ihò tí a ti fi sùúrù dí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mikàn. Ẹ̀rọ wà."

Ó gbé ẹ̀rọ kọjá lórí ihò àkọ́kọ́, ẹ̀rọ dákẹ́. Ó gbé e kọjá lórí ìkejì, ẹ̀rọ dákẹ́ fẹ́ẹ́. Èmi ni mo rán an létí pé irin ni kọ́kọ́rọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kó má dá irin lóhùn. Ó tún bọ́tìnì náà tẹ̀, gbogbo etí òkun sì bú sígbe lẹ́ẹ̀kan. A gbẹ́ ìṣó. A gbẹ́ ìdérí ìgò. A fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà jáde. Omi ti dé kókósẹ̀ mi, àbúrò mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Ibẹ̀ la ti gbọ́ ohùn Màmá lọ́nà ibi tí ọkọ̀ wà: "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá! Mo ti mú olè!"

Ọ̀kan nínú àwọn tí iyanrìn bò dé àyà ló dì mú léjìká. Okùn pupa Liverpool tí àbúrò mi fi ń so kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ rekete, kọ́kọ́rọ́ ń mì láyà rẹ̀.

Àbúrò mi ní bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn: bí wọ́n bá rí ìbọ̀wọ́ tó já bọ́ lọ́nà, wọ́n á fi kọ́ irin ọgbà kí olówó rẹ̀ lè rí i. Ó ní ẹnì kan tó ń fa ajá kọjá ló máa mú kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀, tó fi í kọ́ ọ lọ́rùn.

"O rí ẹni náà?"

"Rárá, mà."

"Èmi rí ẹni tí wọ́n bá a lọ́rùn ẹ̀."

Ní alẹ́, àbúrò mi gbé ẹ̀rọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun fẹ́ tà á: kò tíì gbó, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Màmá ní kó má parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò mọ kọ́kọ́rọ́.