Ohun Tí Tàmálè àti Ògbómọ̀ṣọ́ Kọ́ Mi Nípa Èdè Méjì

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n lé wa ní Tàmálè. Ní 18 November 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kẹ́rù ẹ̀ kúrò nílùú. Bàbá mi ti lo ogún ọdún ó lé níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí gbogbo àwa ọmọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní àríwá Gánà láyé ìgbà yẹn, òwò ni wọ́n bá lọ, ó sì ṣòro kéèyàn dé ọjà ńlá kan lọ́hùn-ún kó má bá ọmọ Ajílété nídìí igbá.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ jápa kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tààkì, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Wọ́n á wá ra òwú, síìpù tàbí bọ́tìnnì, kó tó pẹ́, ọ̀rọ̀ á ti di ti ìrìn-àjò. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Màmá, tá a bá dé ọ̀hún, èdè wo ni ká máa bá ọmọ sọ?" Wọ́n ti gbọ́ pé ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ síwèé ní 1 March 2025 pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ fìdí kalẹ̀ ní Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò Life in the UK, ìbéèrè 24 ní ìṣẹ́jú 45, kó sì gba 18 ó kéré tán. Ẹ̀rù ti ń bà wọ́n kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n rò pé Yorùbá ni yóò dí ọmọ lọ́nà. Ìdáhùn mi gùn ju ohun tí mo lè sọ nígbà tí mo ń ka ṣéńjì fún oníbàárà lọ, ni mo bá jókòó kọ ọ́.

Bí o bá ń gbọ́ ohùn bàbá mi láti ẹ̀yìn ògiri, tó ń sọ Dagbani, èdè àwọn Dagomba tó ni Tàmálè, o ò ní mọ̀ pé àlejò ni. Bí àwọn ará àdúgbò bá ń jà, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè kó wá là wọ́n. Ṣùgbọ́n tó o bá ti wọ ìloro ilé wa, Yorùbá ni. Màmá mi ló ṣòfin yẹn, kò sì pariwo lé e lórí rí. Bí mo bá gbàgbé, tí mo fi Dagbani béèrè omi, ó máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Màá dúró tì í pẹ̀lú ife lọ́wọ́, òun á máa ṣa ẹ̀wà ẹ̀ lọ, títí màá fi rántí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi lómi."

Bàbá mi ní ìwé kékeré kan tó ń kọ àwìn sí. Yorùbá ló fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará Dagomba ló kún inú ẹ̀, owó sídì ló sì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó alápatà, sídì mẹ́ta. Bàbá onímàlúù òdìkejì, sídì mẹ́wàá. Nígbà tí àṣẹ ìjọba dé, gbogbo ajigbèsè mọ̀ pé a ò ní pẹ́ lọ. Ta ló fẹ́ fipá mú wọn san? Ó ku ọjọ́ mẹ́ta ká gbéra, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn wa ní ìdájí. "Dasiba," ó kí bàbá mi. Bàbá mi dáhùn, "Naa." Ó tú etí aṣọ ẹ̀, ó da sídì méjì àti owó ẹyọ díẹ̀ sórí ẹní, ó ní kò tíì pé o, òun ń lọ wá ìyókù. Bàbá mi sunkún lọ́jọ́ náà. Mi ò rí i kó sunkún rí. Àwọn bíi mẹ́rin mìíràn tún wá. Bó ṣe ń gba owó wọn ló ń fa ìlà lórí orúkọ wọn. Àwọn orúkọ tí kò fàlà lé ṣì wà nínú ìwé yẹn nígbà tó kú ní 1991.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń lọ sí òkè òkun mú níbẹ̀ rèé. Dagbani tí bàbá mi gbọ́ ló jí obìnrin yẹn ní ìdájí. Kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹ kọ́ èdè onílé dáadáa, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa fi yege ìdánwò nìkan. Ẹ kọ́ èyí tẹ́ ẹ máa fi báni dárò, tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀bẹ̀, tẹ́ ẹ máa fi là wọ́n níjà. Ẹni tó bá ní kí àlejò kọ́ èdè ìlú, òótọ́ ló sọ, mo wà lẹ́yìn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ èdè àwọn, ẹ ti di ọmọ onílùú, apá kan ọ̀rọ̀ ló sọ. Nígbà tí àwọn agbófinró dé ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, wọn ò bi í bóyá ó gbọ́ Dagbani. Ìwé ni wọ́n béèrè. Kò sì ní in, torí ó rò pé gbogbo ayé ló mọ òun. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ pépà ṣeré rárá. Ọjọ́ tí fisa yín máa kú, ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tẹ́ ẹ ti máa ń rí i láràárọ̀.

Inú bọ̀lẹ̀kájà la wà tí a fi gba Tógò àti Dàhòmì, tí wọ́n ń pè ní Benin báyìí. Ogun Biafra ò tíì parí nílé, rògbòdìyàn Àgbẹ̀kòyà lórí owó-orí náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lágbègbè wa. Kò sí ẹni tó ń retí wa. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń fi Yorùbá ẹnu wa ṣe yẹ̀yẹ́, "ọmọ Gánà" ni wọ́n ń pè wá. Ó dùn wá, àmọ́ a ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, a sì ń dá wọn lóhùn. Kí òjò àkọ́kọ́ 1970 tó rọ̀, màmá mi ti tẹ́ ẹní wòrobo ẹ̀ sọ́jà: abẹ́rẹ́, dígí, ìlẹ̀kẹ̀, òwú. Ó ń náwó, ó ń bú, ó ń gbàdúrà fún oníbàárà bíi pé kò kúrò nílé rí.

Ọmọkùnrin kan wà ní agbo ilé tó tẹ̀ lé tiwa, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá ẹ̀ ti sọ ní Gánà pé Yorùbá á da ọmọ lórí rú, kó gbájú mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé. Ó dé pẹ̀lú Dagbani, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì gbó. Bí ìyá bàbá ẹ̀ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹnu ìyá náà ló máa ń tẹjú mọ́, bí ẹni tó ń wo ẹyẹ. Màmá ẹ̀ ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn. Kíláàsì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi í sí, láàárín àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ. Fún nǹkan bí ọdún kan, a kì í gbọ́ ohùn ẹ̀.

Lọ́dún 1970 yẹn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì náà. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ wa fọwọ́ sí ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní November 2025 wọ́n fagi lé e. Mo ka ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn mí wọra. Ọdún tí wọ́n lé wa ní Gánà, 1969, ni Kánádà ṣòfin pé Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ jẹ́ èdè ìjọba. Wọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí títí dòní, àmọ́ èdè méjèèjì ló ṣì wà lára páálí oúnjẹ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan náà tó ń rò pé èdè méjì pọ̀ jù fún ọmọ ló ń forúkọ sílẹ̀ láti lọ síbẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Ìlú Ọba. Nígbà tí ọmọ ẹ̀ pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ò tètè dá lẹ́nu ẹ̀, ẹnìkan níbi tí wọ́n ń gbé e lọ gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n má sọ Yorùbá sí i mọ́. Wọ́n gbà. Mo bínú, àmọ́ mi ò bá wọn jà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Àlọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù mélòó kan, ọmọ náà kàn ń wò mí ni. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, àdàlù ni, Yorùbá níwájú, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn. Bàbá ẹ̀ ní kí n má bínú. Mo ní kí ló dé tí màá fi bínú, báwa náà ṣe sọ ọ́ ní Tàmálè nìyẹn, ó ń ṣa wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé apá ẹ̀ sókè, ó fi ìgúnpá kan ojú fóònù, gbogbo fóònù mi sì ṣókùnkùn. "Màmá, èyí ńkọ́?" Mo ní ìgúnpá ni. Ó ní, "Ìgúnpá mi ní ọgbẹ́." Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ńkọ́? Kò sí ohun tó ṣe é, òun ló ń ka ìwé fún àbúrò ẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù tí mo ní láti sọ, kò sì rọrùn fún mi. Ní January 1983, ìjọba Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ni wọ́n fún wọn. Ó ju mílíọ̀nù kan èèyàn lọ, àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù. Àpò tí wọ́n kó ẹrù sí là ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Olùkọ́ ìṣirò kan, ọmọ Kumasi ní Gánà, gba yàrá nínú ilé wa. Ó ti gbọ́ Yorùbá débi pé kò lè kọjá lára màmá mi kó má kí i pé ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí wọ́n kéde lórí rédíò, mo wà láàárín ọgbà, ọmọ ọdún 22 ni mí, mo sì sọ ọ́ sókè: "Ó tó sí wọn! Ṣebí àwọn náà lé wa." Mi ò mọ̀ pé ó wà nídìí kànga. Ó gbọ́ mi. Okùn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó fa omi náà tán, ó sì lọ dà á sínú ìkòkò màmá mi, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́.

Màmá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó yan gààrì, ó dín adìẹ, ó dì wọ́n fún un. Bàbá mi ló sìn ín dé gáréèjì. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó lọ, mi ò sì tún fojú kàn án mọ́. Mo mọ Tàmálè, mo mọ bọ̀lẹ̀kájà, mo mọ ìwé àwìn bàbá mi, síbẹ̀ mo sọ ọ́.

Obìnrin Fúlàní kan ń ta wàrà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí àwọn ọmọ ẹ̀ sí, ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì wà lẹ́nu wọn. Bí ọ̀rọ̀ ààbò bá ti le, àwọn kan á wá sọ fún mi pé kí n lé e. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ló ṣe. Èmi ni mo mú ọmọ ẹ̀ obìnrin lọ ṣe NIN, mo sì bá wọn tò títí ó fi kàn wọ́n.

Lánàá, ọmọ náà fi Yorùbá béèrè omi lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó ń to wàrà ẹ̀ lọ. Omi tútù wà nínú kúlà mi, ọmọ náà sì yíjú sí mi, ife wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wo ibòmíràn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ ọ́: "Ndiyam." Ìyá ẹ̀ bu omi fún un.