Bí Ààlà Bá Gba Inú Odò Kọjá

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ẹ má kọ ọ́ pé "odò ni ààlà" kí ẹ wá pa ìwé dé. Odò ní etí méjì, ó ní àárín, ó sì ní ibi tó jìn jù. Èwo nínú wọn?

Ẹjọ́ Orílẹ̀-èdè Benin àti Niger ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Erékùṣù Lété inú Odò Ọya, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 16, wà lára ohun tó gbé wọn dé Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2005: ààlà ń tọ ibi tó jìn jù lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, bó ṣe rí nígbà tí wọ́n gbòmìnira lóṣù Kẹjọ ọdún 1960. Ẹ fojú sí ọdún yẹn o. Odò tòní kọ́, torí iyanrìn ń gbára jọ, ọ̀nà omi sì ń yà. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ NEDECO ti Họ́lándì ṣe láàárín 1967 sí 1970 ni wọ́n gbára lé. Erékùṣù 16, Lété nínú wọn, bọ́ sọ́wọ́ Niger; 9 di ti Benin. Ní odò Mékrou, tí ọkọ̀ ò lè gbà, agbedeméjì ni ilé ẹjọ́ kan náà mú. Lórí afárá tó so Gaya ní Niger pọ̀ mọ́ Malanville ní Benin ńkọ́? Niger ní kí wọ́n pín in sí méjì. Ilé ẹjọ́ ò gbà: ibi tí ààlà wà nínú omi, ọ̀gangan rẹ̀ lókè ni ààlà afárá.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ wọn odò, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Lásìkò ìkún omi, ẹ̀ka tí kò jìn lè fẹ̀ ju ojú odò gan-an lọ. Ìkún omi yìí wà lára ohun tí Namibia gùn lé nínú ẹjọ́ erékùṣù Kasikili, tí Botswana ń pè ní Sedudu, nínú odò Chobe tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Lọ́dún 1999, ilé ẹjọ́ ní ìgbà tí omi bá fà ni kí wọ́n wò. Botswana ló ni erékùṣù.

Máàpù nìkan ò tó. Lórí máàpù 1:200,000, ìlà tó nípọn tó ìdajì mìlímítà bo 100 mítà nílẹ̀. Erékùṣù kékeré lè sọnù sábẹ́ rẹ̀.

Odò tó ṣípò ló le jù. Tó bá ń jẹ etí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ààlà ń bá a lọ. Tó bá yà lójijì, ojú odò àtijọ́ ni ààlà ń wà, ì báà ti gbẹ, àyàfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ní ìlú El Paso ní Amẹ́ríkà, odò Rio Grande, tó jẹ́ ààlà pẹ̀lú Mẹ́síkò, yà síhà gúúsù, ilẹ̀ Chamizal ti Mẹ́síkò wá bá ara rẹ̀ ní ìhà Amẹ́ríkà. Ọdún 1963 ni wọ́n tó fọwọ́ síwèé àdéhùn, wọ́n sì fi kọnkéré ṣe ojú odò tuntun fún un, kó má baà rìn mọ́.