Ẹ bá mi dúpẹ́, mo ti lè béèrè ọ̀rọ̀

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ má bínú pé ẹ̀rí mi gùn. Ọdún 9 ni mo lò nínú ìjọ tí mò ń sọ yìí. Bí mo bá ní kí n gé e kúrú, ẹni tó wà nírú ibẹ̀ lónìí lè má mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí. Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí.

Ìfẹ́ ni mo bá pàdé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, èèyàn 6 ti pè mí lórí fóònù. Wọ́n mọ orúkọ mi, wọ́n mọ ohun tí mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà lé lórí. Ọkàn mi bàjẹ́ lásìkò yẹn, ìfẹ́ náà sì bá mi mu bí aṣọ tí wọ́n wọn ara mi kí wọ́n tó rán an. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé okùn wà nídìí ẹ̀.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ ló wà lára ẹ̀. Mo béèrè ibi tí owó tí a dá fún ilé ìjọsìn wọlé sí, wọ́n mú mi lọ sí ìwé Nọ́ńbà orí 16 nínú Bíbélì, níbi tí ilẹ̀ ti lanu gbé Kórà tó ṣọ̀tẹ̀ sí Mósè mì. Mo béèrè ìdí tí a ò fi gbọdọ̀ gbọ́ ìwàásù ẹlòmíì, wọ́n ní ṣé mi ò rántí Míríámù tó dẹ́tẹ̀ nítorí ẹnu ẹ̀ ni. Bí ìyẹn ò bá sì tó, "ẹ má fọwọ́ kan ẹni òróró mi" ń bẹ nílẹ̀. Wọ́n á sọ ọ́, gbogbo wa á dákẹ́.

Olúkúlùkù wa ló ní ẹni tó ń tọ́ ọ nípa tẹ̀mí. Owó oṣù ẹ, àlá tó o lá, ẹni tó ń wojú ẹ fún ìgbéyàwó, o gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ẹ̀. A tún máa ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ wa sórí ìwé. Lọ́jọ́ Sunday kan, ohun tí mo kọ nípa èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jáde látorí pẹpẹ. Wọn ò dárúkọ mi o. "Arábìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé" ni wọ́n ní. Ẹ gbọ́, mélòó la jẹ́?

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò jáde, ṣé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi ni. Wọn ò tì í. Ìtàn àwọn tó jáde ni wọ́n fi dè mí. Ẹnì kan jáde, ọkọ̀ rẹ̀ dànù. Òmíràn jáde, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn tó jáde tí nǹkan sì dáa fún ńkọ́? A kì í gbúròó wọn, torí wọ́n ti kà á léèwọ̀ fún wa láti kí wọn.

Ìyá mi ni Ọlọ́run lò. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, mo bá lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi. Wọ́n ní a wà nínú ààwẹ̀, kí n dúró kó parí. Mo dúró. Ọjọ́ 4! Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ògo ni fún Ọlọ́run, àmọ́ mi ò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo dé, mo rojọ́ rojọ́. Ìyá mi tẹ́tí sí mi tán, wọ́n wá bi mí wẹ́lẹ́ pé, "Ọmọ mi, ṣé Ọlọ́run ló ní kó o má wá, àbí èèyàn?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Lóru ọjọ́ yẹn ni mo ka Sáàmù 105 látòkèdélẹ̀. Láti ọdún 9, ẹsẹ 15 nìkan, "ẹ má fọwọ́ kan ẹni òróró mi" yẹn, ni wọ́n ń kà fún wa. Àṣé àwọn ọba ni Ọlọ́run ń bá wí níbẹ̀! Ìdílé Ábúráhámù tí kò pọ̀, tí wọ́n jẹ́ àlejò káàkiri, ni kí àwọn alágbára má ṣe fọwọ́ kàn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dáàbò bo aláìlágbára ni wọ́n sọ di pàṣán fún wa. Mo ṣí Gálátíà 2, Pọ́ọ̀lù ta ko Pétérù lójúkojú, ilẹ̀ ò sì gbé e mì. Mo ṣí Ìṣe 17, àwọn ará Bèríà ń yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ wò lójoojúmọ́, ìyìn ni wọ́n sì gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi (ẹni tí mo kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sínú ìwé ẹ̀ṣẹ̀ yẹn o) ló sọ fún mi nípa Robert Jay Lifton, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà. Ó fọ̀rọ̀ wá èèyàn 40 lẹ́nu wò lára àwọn tí ìjọba Ṣáínà fẹ́ yí èrò wọn padà, ó sì to àmì 8 tá a fi ń mọ ibi tí wọ́n ti ń darí ìrònú èèyàn jọ ní 1961. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò lópin wà níbẹ̀. Gbólóhùn kúkúrú tí wọ́n fi ń pa ìrònú lẹ́nu mọ́ náà wà níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkùnrin yìí ti wá sí ìjọ wa rí ni?" Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti dárúkọ ìjọ tó ń sọ èèyàn dẹrú, Jonestown ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ibùdó ìjọ Jim Jones nínú igbó ní Guyana, níbi tí èèyàn tó lé ní 900 ti kú lóṣù Kọkànlá ọdún 1978. Àwa ò gbé inú igbó, a ń lọ síbi iṣẹ́, orúkọ Jésù ò kúrò lẹ́nu wa. Mo rò pé ìyẹn ti tó láti mọ̀ pé a kì í ṣe irú wọn.

Mo kọ lẹ́tà, mo jáde. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ rí mi lọ́nà, ó sọdá sí òdìkejì. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn náà, ara mi gbóná. Mo ní ó ti dé. Mi ò sùn, mò ń dúró de ikú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀fìnkìn ni o, ẹ̀yin ará! Ọ̀fìnkìn lásán!

Mo ti rí ìjọ míì. Lọ́jọ́ kan, mo béèrè ìtumọ̀ ẹsẹ kan, pásítọ̀ ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n o, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò." Mo sunkún délé. Ní Sunday tó kọjá, mo pẹ́ dé ìsìn. Mo jókòó sẹ́yìn, àyà mi ń já, mò ń retí ẹni tó máa pè mí lẹ́yìn ìsìn láti bi mí ibi tí mo wà. Ìsìn parí, àwọn èèyàn ń kí mi, mo kí wọn padà. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹ bá mi dúpẹ́!