Kọ̀ǹpútà Tí Ó Ń Ṣe Ju Ohun Tí A Rán An Lọ

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo ti ń lò bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó jábọ́ lórí tábìlì, tí ojú rẹ̀ sán, tí ó sì ṣókùnkùn biribiri. Ìyàwó mi ní kí a kó o dànù, ṣùgbọ́n ojú nìkan ni ó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ náà. Ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé, àwọn fíìmù àti orin tí mo ti ń tọ́jú sínú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láìyingin. Kí ni ènìyàn tún fẹ́ fi ojú kọ̀ǹpútà ṣe nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ńlá wà lára ògiri? Mo kéde fún gbogbo ilé pé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lọ, pálọ̀ wa ti di ilé sinimá, àti pé wáyà HDMI kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ gbà. Mo tilẹ̀ ṣe àlàyé fún wọn, bí ẹni pé èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀, pé wáyà àwòrán VGA tí ó jáde ní 1987 kò lè gbé ju àwòrán lọ, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ wá wáyà mìíràn fún ohùn, ṣùgbọ́n pé HDMI ń kó àwòrán àti ohùn pọ̀ gba ojú ihò kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ohùn yìí sọ́kàn.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà yìí fi tọmọ jẹ́ tirẹ̀ títí ó fi di ẹrù sí wa lọ́rùn. Bí mo ṣe ki wáyà bọ̀ ọ́, ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ojú méjì ni mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì pín iṣẹ́ náà fún wọn láìbi mí léèrè: àwòrán òkè àti òdòdó fún tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ohun tí ó ṣe pàtàkì fún ojú tí ó ti fọ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà, inú òkùnkùn ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Fíìmù tí mo ṣí, inú òkùnkùn ni ó ti ń ṣeré. Ọfà kékeré tí ń tọ́ka nǹkan á rìn jẹ́jẹ́ dé etí tẹlifíṣọ̀n, á sì ré kọjá sí apá ibi tí ojú ènìyàn kò tó, àwọn ọmọ á wá ké pé, “Bàbá, ó tún ti lọ o!” Ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ á ní kí ènìyàn di bọ́tìnnì Windows mú, kí ó tẹ P, kí ó sì yan ojú kejì nìkan. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú tí ó fọ́ náà ni àkójọ ohun tí a ó yàn ń jáde sí. Mo ń ka ìtẹ̀sísàlẹ̀ mi sókè ketekete títí mo fi tẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí ó yẹ, tẹlifíṣọ̀n sì kú pátápátá. Kí ó tó jí padà, ìyàwó mi ti lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ó jí ṣá o, ṣùgbọ́n etí àwòrán ti gé yí ká, aago tí ó wà ní igun ìsàlẹ̀ kò sí mọ́, ìlà ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù sì di ààbọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ kọ̀ǹpútà. Tẹlifíṣọ̀n ni ó jogún ìwà àwọn baba ńlá rẹ̀ oníkùn gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, tí wọ́n máa ń fa àwòrán gbòòrò díẹ̀ kọjá férémù kí etí rẹ̀ tí kò gún má baà hàn. Inú ètò ìwọ̀n àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ń tún un ṣe, kò sì le.

Ìgbà tí mo gbé Kodi, ètò tí ń to fíìmù àti orin lẹ́sẹẹsẹ, lé kọ̀ǹpútà náà ni iṣẹ́ wá dùn. Inú Xbox, ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe géèmù, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, XBMC ni wọ́n sì ń pè é títí di 2014 tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Kodi. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kì í fi fáìlì han ènìyàn lásán. Á ka orúkọ fíìmù, á gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, á sì bá a mú àwòrán ìpolówó, orúkọ àwọn òṣèré, ìtàn ní ṣókí àti máàkì tí àwọn òǹwòran fún un bọ̀. Mo ní kí ó ka gbogbo ohun tí ó wà nínú àpò fídíò. Ó kà á tán, ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ, mo sì pe ìyàwó mi kí ó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ó fi dákẹ́ lójú kan. Fídíò ìgbéyàwó wa wà níbẹ̀, èyí tí mo fún ní orúkọ tí kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ, láìkọ ọdún mọ́ ọn. Kodi ti wá fíìmù mìíràn tí ó ń jẹ́ orúkọ yẹn rí, fíìmù adẹ́rùbani ni, ó sì ti fi gbogbo ọlá rẹ̀ dá tiwa lọ́lá. Obìnrin kan wọ aṣọ ìyàwó funfun, ó di àáké mú, ẹ̀jẹ̀ ń kán lára àáké náà tótó.

“Bàbá Ìbejì,” ni ìyàwó mi wí, “ṣé èmi nìyí?”

Mo ní ẹ̀rọ ni ó ṣì í mú. Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ka ìtàn ṣókí náà láti òkè dé ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti sọ pé ọkọ kò mọ irú ẹni tí òun gbé sílé. Ó tún wo ìsàlẹ̀.

“Máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni wọ́n fún wa?”

Èyí dùn ún ju ti àáké lọ. Mo yára sọ fún Kodi pé kí ó fi àpò fídíò ilé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe bá wa wá nǹkan kan fún un mọ́, mo sì ṣí fíìmù gidi kan kí ọ̀rọ̀ lè yí padà. Ìyá mi ti wọlé lọ sùn nígbà náà. Ìbejì gbé ara wọn sí orí àga, iná pálọ̀ kú, fíìmù bẹ̀rẹ̀.

A kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu àwọn òṣèré ń ṣí, ó ń pa dé. Mo gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, mo gbé ti Kodi sókè, mo gbé ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ dé 100. Obìnrin kan ń sá nínú igbó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ń yìnbọn tẹ̀ lé e, ìbọn sì ń yọ iná láìdún. Mo pa Kodi tì, mo ṣí fíìmù náà nínú VLC, ètò mìíràn tí a fi ń wo fíìmù, nítorí VLC gbà kí ènìyàn gbé ohùn kọjá 100 nígbà tí fíìmù kan bá lọ sílẹ̀ jù, mo sì fà á dé òpin. Ó ṣì dákẹ́ lọ gbári. Àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn òṣèré fọhùn ní tiwọn, èyí Taiwo ń yìnbọn, èyí Kẹ́hìndé ń kú, nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá ìyá mi ṣí.

Ìborùn wà lórí wọn. Wọ́n gbé ìrọ̀rí mọ́ àyà, ohun kan sì ń ké lóhùn rara láti inú ìrọ̀rí náà.

“Ta ló ń pa obìnrin nínú yàrá mi?”

Sípíkà Bluetooth kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ orin àdúrà kí wọ́n tó sùn ni. Èmi ni mo fi kọ̀ǹpútà yẹn dán an wò nígbà tí ó wà ní tuntun, mo sì ti gbàgbé pátápátá, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé ẹni tí ó bá ti bá dọ́rẹ̀ẹ́ rí. Bluetooth irú èyí a máa dé nǹkan bíi mítà 10, yàrá ìyá mi kò sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe rí i pé sípíkà ti wà ní títàn, ó kí i, ó so mọ́ ọn, ó sì kó gbogbo ohùn ilé sinimá wa lọ fún un, ó fi HDMI tí mo ti ń yìn láti ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Gbogbo bí mo ṣe ń gbé ohùn sókè ní pálọ̀ ni ìyá mi ń wá nǹkan lé e lórí nínú yàrá. Wọ́n kọ́kọ́ fi gèlè bò ó. Nígbà tí mo dé 100, wọ́n gbé e wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n kó aṣọ lé e, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. VLC ni ó lé wọn jáde.

Ìyàwó mi kò lè dìde nílẹ̀ níbi tí ó ti ń rẹ́rìn-ín. Mo dá fíìmù dúró, mo bẹ ìyá mi títí, mo sì sọ fún wọn pé n ó dá ohùn padà sí tẹlifíṣọ̀n lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè padà lọ sùn. Wọn kò lọ. Wọ́n jókòó ti àwọn ọmọ, wọ́n gbé ìrọ̀rí sórí ẹsẹ̀.

“Obìnrin yẹn ńkọ́, ṣé ó gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀?”

Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó ní ẹ̀gbọ́n nínú wa. Àwòrán nìkan ni àwa rí. Ìyá mi wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé a kò mọ nǹkan kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀: ohun tí ọkọ ṣe, ẹni tí ó ta wọ́n, ìdí tí wọ́n fi ń lé obìnrin náà. Àwọn ọmọ ń sún mọ́ wọn. Ibi tí a gbé dé ibi odò ni tẹlifíṣọ̀n ṣàdédé ṣókùnkùn, nítorí kọ̀ǹpútà ti rí i pé kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan òun láti ìgbà yẹn wá, ó sì ti bá wa fi iná pamọ́, ó ti sùn lọ. Mo dìde láti lọ tẹ̀ ẹ́.

“Jókòó, má jí i,” ni ìyá mi wí. “N kò tíì parí ìtàn.”