Ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ohun tí ojú mi rí nínú yàrá àwọn ọmọ mi

Láàárọ̀ báyìí, kí n tó jí àwọn ọmọ mi, ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ fi kan ògiri wọn. Ọkọ mi ní mò ń ṣe bí nọ́ọ̀sì tó ń wo ibà lára aláìsàn. Ó lè máa rẹ́rìn-ín. Òun kọ́ ló lẹ bébà yẹn.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín mẹ́ta ń sùn nínú yàrá kan náà mọ ohun tí mò ń sọ, n ò ní fi àlàyé yọ yín lẹ́nu. Rúùmù méjì àti pálọ̀ là ń gbé, lápá Òkè-Báálẹ̀ níbí, l'Óṣogbo. Èmi àti bàbá wọn wà nínú ọ̀kan, àwọn ọmọ wà nínú ìkejì: ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ọmọ ọdún 12, àti àwọn ìbejì ọkùnrin, ọmọ ọdún 7. Yàrá ọ̀hún ò ju ẹsẹ̀ 10 níbùú, ẹsẹ̀ 10 lóròó. Ẹ̀gbọ́n wọn ti ń bàlágà, kò fẹ́ máa pààrọ̀ aṣọ lójú àwọn àbúrò rẹ̀ mọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Táíwò ti fi báírò ya mọ́tò sí gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó lára ògiri. Kẹ́hìndé, ẹni tí àyà rẹ̀ ti máa ń há láti kékeré bí òtútù bá mú, sọ pé òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ló ni ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ibẹ̀ ló ń sùn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Oṣù kẹjọ ni àjọ kàn mí, ₦90,000. Mo ti pinnu pé yàrá àwọn ọmọ ni màá fi tún ṣe. Àbúrò ọkọ mi obìnrin sì ti pè láti Ìbàdàn pé òun ń bọ̀ wá wo ọdún Ọ̀ṣun. Mùsùlùmí ni wá, a kì í lọ sí ojúbọ, ṣùgbọ́n ta ni kì í gba àlejò l'Óṣogbo bí oṣù kẹjọ bá dé? Yàrá àwọn ọmọ náà ló sì máa sùn. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ojú àlejò ni mo ṣe kánjú. Ẹni tí kò bá ní àna ló lè bú mi.

Bí mo ṣe ná owó náà rèé. Bébà ara ògiri, èyí tí gbogbo wa ń pè ní wọ́ọ̀lù pépà, rọ́ọ̀lù 5 ní ₦5,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di ₦27,500. Ọ̀dà olómi gálọ́ọ̀nù 2, ₦18,000. Pẹ́ńtà gba ₦15,000. Káfíńtà tó kan pákó mọ́ ògiri fún ìwé àti báàgì wọn gba ₦17,500. Kọ́tìnì àti irin rẹ̀, ₦12,000. Ó tán. Kọ́bọ̀ kan ò ṣẹ́ kù. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí owó ògiri níbẹ̀. Owó ohun tí a ó fi bo ògiri ló wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ara ògiri kan ò yá. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ògiri ẹ̀yìn ni, èyí tí balùwẹ̀ ilé kejì fara tì. Láti ilẹ̀ dé ìbàdí mi, ọ̀dà rẹ̀ ti wú bí ara tí omi gbígbóná bó, nǹkan funfun kan bí iyọ̀ sì ń hù jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ rá a, á kù sí yín lọ́wọ́ bí àtíkè. Pẹ́ńtà rí i lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ tẹ ibẹ̀, sìmẹ́ǹtì rún wálẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ògiri yìí ń mumi o. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí omi ti ń wọlé ná."

"Ẹ ṣáà bá mi kun mẹ́ta tó kù," mo dá a lóhùn. "Èyí, bébà ni mo fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn."

Ó wò mí, ó ní kò burú, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tèmi lanu sílẹ̀ gbayawu, èmi ni mo fi bébà dí i lẹ́nu.

Kí n má purọ́, a gbádùn iṣẹ́ náà. Táíwò ta ẹsẹ̀ sí ike ọ̀dà búlúù, ó dànù sílẹ̀ yàrá. Ìyá mi, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun pọ́ńbélé, tó wá kí wa, pariwo lórí àga: "Ẹ̀yin oṣó igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán!" Ohùn tí wọ́n ní ó ti inú odò jáde nígbà tí àwọn tó tẹ ìlú yìí dó gé igi lu omi. A rẹ́rìn-ín títí. Àbàwọ́n búlúù yẹn ṣì wà nílẹ̀ di òní. Bébà onírawọ̀ ni mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn, láti òkè dé ilẹ̀, rọ́ọ̀lù 4. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ sí status WhatsApp. Àna mi dé, ó ní yàrá yìí dára ju tàwọn ọmọ òun lọ. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe dùn tó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn tí àna mi padà s'Íbàdàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn kan, bí òórùn aṣọ tí wọ́n ká kó tó gbẹ. Mo ní ìtọ̀ ni. Mo bá Táíwò wí lórí ìtọ̀ tí kò tọ̀. Ọmọ náà sunkún, ó ní òun kọ́. Mo tún bá a wí pé ó ń purọ́.

Òru Àtàláátà mọ́jú Àlàrùba ni, nínú oṣù kẹsàn-án. Òjò ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, iná ò sí, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ alẹ́. Aago méjì ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohun kan tó dún fààà, bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya. Ẹ̀gbọ́n wọn kígbe: "Mọ́mì! Ó ti bo Kẹ́hìndé!"

Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo sáré wọlé. Bébà ti ṣí láti òkè, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ká lé ọmọ náà lórí. Ìràwọ̀ kọjú sókè, ẹ̀yìn tó ní gọ́ọ̀mù wà lójú ọmọ. Táíwò dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbá pílò mọ́ra, kò lè sọ̀rọ̀. Mo fa bébà náà. Ó tutù, ó wúwo bí aṣọ òkè tí wọ́n rẹ sómi. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, mo rí ògiri. Ó ti bu. Ó dú láti ilẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ mi ò tó, dúdú tó ní irun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí ara ológbò, omi sì ń ṣẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ọmọ mi ń fi imú kọjú sí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, tí mo fi ìràwọ̀ bò.

Kẹ́hìndé dìde jókòó. Kò sunkún. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn, torí ọmọ tí nǹkan já lù lóru yẹ kó ké. Àyà rẹ̀ ń dún bí fèrè, ọ̀fun rẹ̀ ń jìn wọnú bó ṣe ń fa èémí, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún rẹ̀ bí àgbàlagbà tó gbé ẹrù sọ̀. Ó ń wò mí. Ó fẹ́ pe Mọ́mì, "Mọ́" nìkan ló jáde. Ìràwọ̀ kan lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo ṣí i kúrò pẹ̀lú èékánná. N ò mọ ìdí tó fi jẹ́ ìyẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe.

Mo pọ̀n ọ́n, ọmọ ọdún 7, mo sáré jáde nínú òjò, mo ń gbá ilẹ̀kùn ilé kejì. Bàbá ibẹ̀ ló ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ gbọ́ dáadáa, balùwẹ̀ rẹ̀ ló fara ti ògiri wa. Ó jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, kò bi mí léèrè kankan, ó ṣáná sí kẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n wọn dúró ti Táíwò. A kọjá Ọláìyá, kò sí ẹnì kankan ní oríta tí ẹsẹ̀ kì í dá níbẹ̀ lọ́sàn-án, mo ń ka èémí Kẹ́hìndé lẹ́yìn mi. Bí ọ̀kan bá pẹ́ díẹ̀, màá fọwọ́ gbá a nídìí kó lè tún mí. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ kan bo imú àti ẹnu rẹ̀, oògùn ń rú níbẹ̀ bí ìkùukùu. Dókítà, ọmọdébìnrin kan báyìí, ní ásímà ni, ó sì bi mí pé kí ló wà níbi tó ń sùn.

Mo ní, "Bébà." N ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ mọ́, ó sùn. Wọ́n fún wa ní oògùn tí yóò máa fà sẹ́nu, a padà wálé. Àwọn ọmọ kó wá sí yàrá wa. Púlọ́ńbà wá, ó rí oríkèé páìpù kan tó ti là nínú balùwẹ̀ ilé kejì. Owó oríkèé náà ò tó owó bébà rọ́ọ̀lù kan. Èmi àti bàbá oníkẹ̀kẹ́ dáwó iṣẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà họ ara ògiri títí dé búlọ́ọ̀kù, a ṣí i sílẹ̀ kó gbẹ, ó tún un rẹ́, a tún dúró, pẹ́ńtà kùn ún. Ọ̀dà funfun. Kò sí ìràwọ̀.

Àwọn kan ti bi mí pé ṣé n ò sọ fún lándílọ́ọ̀dù ni. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì kí àjọ tó kàn mí. Ó ní òtútù ni, pé ilẹ̀ Òṣogbo tutù. Ẹlòmíì ní kí la ń bí ọmọ mẹ́ta fún bí yàrá ò bá sí. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n wá ní méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó dáa, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́. Àkọ́kọ́: ẹ wo ògiri kí ẹ tó wo àwọ̀ ọ̀dà. Ẹ mú ọ̀rá funfun kan, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri pinpin, kí afẹ́fẹ́ má wọ ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sáàárín ọ̀rá àti ògiri, inú ògiri ni omi ti ń wá, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀rá níta ló tutù, atẹ́gùn yàrá ni, ẹ máa ṣí fèrèsé. Ọ̀rá lásán! Èyí tí wọ́n fi di búrẹ́dì fún yín ti tó.

Ẹ̀kọ́ kejì: bí oníṣẹ́ bá sọ ohun tó máa dá owó tirẹ̀ dúró fún yín, ẹ gbà á gbọ́. Bí mo bá gbọ́ ti pẹ́ńtà lọ́jọ́ yẹn, kò ní gba ₦15,000 rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó mọ̀, ó ṣì sọ. Èyí náà kò yàtọ̀ sí àkọ́kọ́, mo mọ̀. Ẹ wo ògiri.

Ẹ̀kọ́ kẹta, ti owó tí kò tó. Ohun tó wúlò jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, n ò ná kọ́bọ̀ lé e: ìró àdìrẹ méjì tó ti gbó tí ìyá mi fún mi. Mo rán wọn pọ̀, mo fi okùn ta wọ́n sáàárín yàrá, ẹ̀gbọ́n wọn sì ní igun tirẹ̀ níkẹyìn. Ó ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń jáde bí ìyàwó. Pákó ìwé náà dára. Kọ́tìnì ₦12,000, mo lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ní ₦90,000, kí ẹ ya ₦30,000 sọ́tọ̀ fún ohun tí ojú ò rí: omi, páìpù, òrùlé tó ń jò. Ohun tó bá kù ni kí ẹ fi ra ẹwà. Bí ohun tí ojú ò rí bá sì gba gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbà á.

Ẹ má sì lẹ ohunkóhun mọ́ ògiri tó tutù, ẹ má kùn ún ní ọ̀dà olóròóró. Ó máa há omi mọ́ inú ni. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ fún un tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọ̀dà tó kàn án, kódà bí àna bá ń bọ̀. Bí ẹ bá lè dúró de ọyẹ́, ẹ dúró. Kí bẹ́ẹ̀dì jìnnà sí ògiri, ó kéré tán ìwọ̀n ọwọ́ kan, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Kẹ́hìndé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ipò òun ni wọ́n gbà. Àárín ló ń sùn báyìí, Táíwò ń pè é ní ọba. Mo ti bẹ Táíwò lórí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn. Ó gba súùtì.

Rọ́ọ̀lù kan ṣẹ́ kù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, n ò tíì já ọ̀rá rẹ̀. Àna mi pè pé kí n fi ránṣẹ́ sí òun. Mo ní kó kọ́kọ́ lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Kò tíì fi fọ́tò ránṣẹ́.