Jẹjẹrẹ Àpò Ìtọ̀ Nílùú Òkèèrè: Àìsàn Tí Kò Dunni, Ìtọ́jú Tí Ń Dunni

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ni àmì tí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn, ẹ̀jẹ̀ náà kì í sì í sábà bá ìrora rìn. Àìsí ìrora yìí gan-an ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ náà lè hàn lónìí, kí ó dáwọ́ dúró lọ́la, kí ènìyàn sì gbà pé ohun yòówù tí ó fà á ti kọjá lọ. Fún àwa obìnrin, ewu mìíràn tún wà níbẹ̀: kíákíá ni a máa ń ka irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí nǹkan oṣù tàbí kòkòrò inú ìtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún èmi náà. Oògùn apakòkòrò ni wọ́n ń kọ fún mi léraléra ní ìlú tí mò ń gbé, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí dókítà kan tó sọ pé bí àyẹ̀wò ìtọ̀ kò bá ti fi kòkòrò kankan hàn, a ní láti wo inú àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀.

Kamẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò náà. Ojú ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde ni wọ́n ń tì í gbà wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn sí ibẹ̀ kí ó má baà dunni jù. Èmi fúnra mi rí kókó kan nínú àpò ìtọ̀ mi lójú ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn: ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí ewéko inú omi. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí wọ́n kùn mí lóorun, tí wọ́n gba ojú ihò kan náà wọlé, tí wọ́n ha kókó náà kúrò láìla ikùn mi, tí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹran ara wò. Ìbéèrè méjì ni ìdáhùn wọn ń pinnu gbogbo ohun tí yóò tẹ̀ lé e: ṣé jẹjẹrẹ náà ti wọ inú ẹran iṣan ògiri àpò ìtọ̀, àti pé ṣé irú èyí tí ń yára dàgbà ni? Nínú ènìyàn mẹ́rin tí a bá rí àìsàn yìí lára wọn, ti nǹkan bíi mẹ́ta kì í tíì wọ ẹran iṣan nígbà tí a kọ́kọ́ rí i. Tèmi wà lára ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n irú èyí tí ń yára dàgbà, tí ó sì máa ń fẹ́ padà wá ni.

Dókítà béèrè bóyá mo ti mu sìgá rí, nítorí pé sìgá ni ó wà nídìí nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀: májèlé inú èéfín rẹ̀ ń bá ẹ̀jẹ̀ dé inú kíndìnrín, ó ń bá ìtọ̀ dé inú àpò rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ń dúró sí títí a ó fi tọ̀ ọ́ dànù. Ó béèrè iṣẹ́ tí mo ti ṣe, torí pé láti ọdún 1895 ni oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì kan, Ludwig Rehn, ti ṣàkíyèsí àìsàn náà lára àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe aró. Ó tún béèrè nípa àtọ̀sí ajá, tí kòkòrò inú omi odò ń fà, tí ó sì lè yọrí sí jẹjẹrẹ bí ó bá pẹ́ lára. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bá tèmi mu.

Ìtọ́jú tí ó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí pé òun ni ó ṣòro jù lọ láti ṣàlàyé fún àwọn ará ilé lórí fóònù. BCG ni orúkọ rẹ̀. Àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a mọ̀ náà ni, èyí tí Calmette àti Guérin ṣe ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n kọ́kọ́ fún ènìyàn ní ọdún 1921, tí ó sì fi àpá kékeré sílẹ̀ ní apá ọ̀pọ̀ nínú wa láti ìgbà ọmọ ọwọ́. Ní ọdún 1976 ni Alvaro Morales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà gbé ìròyìn jáde nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n da oògùn yìí sínú àpò ìtọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí jẹjẹrẹ wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ padà wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ni wọ́n ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ títí di òní. Kòkòrò alààyè tí a ti sọ di aláìlágbára ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá dé inú àpò ìtọ̀, ara á rán àwọn ọmọ ogun rẹ̀ síbẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì ń gbógun ti jẹjẹrẹ náà.

Nọ́ọ̀sì á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú àpò ìtọ̀, á da oògùn náà sí i, á sì yọ rọ́bà náà. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni ó yẹ kí a fi mú un dúró láìtọ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí a dín omi mímu kù ṣáájú. Lẹ́yìn náà, fún wákàtí mẹ́fà, ìjókòó ni a fi ń tọ̀, a ó sì da bílíìṣì sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, a ó jẹ́ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a tó da omi sí i, kí kòkòrò náà má baà ran ẹlòmíràn. Nínú ilé tí èmi àti àwọn àjèjì bíi tèmi jọ ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo, mo ní láti sọ àìsàn mi fún àwọn tí n kò tíì mọ̀ dáadáa. Ẹ̀rù ọjọ́ náà ti ń bà mí tipẹ́, àmọ́ ó yé wọn, ọ̀kan nínú wọn ni ó sì ń bá mi ra bílíìṣì láti ìgbà náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ ìtọ́jú, ìtọ̀ á máa jó mi, n ó máa dìde lọ tọ̀ léraléra, ara á gbóná, oríkèé á sì máa ro mí. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ibà tí kò bá lọ ni wọ́n kìlọ̀ pé kí n tìtorí rẹ̀ pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé kòkòrò náà lè ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́ bí ohùn mi ṣe rí ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ní, “Àbúrò mi, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí, ṣebí ara rẹ le?” N kò tètè rí ìdáhùn, nítorí òótọ́ ni: kò sí ohun tí ń dùn mí nígbà náà. Mo wá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí kò dùn mí yẹn gan-an ni ì bá pa mí. Ẹ bá mi fara dà á.” Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà lókèèrè ni a ń fi àìsàn pamọ́ fún àwọn ará ilé kí wọ́n má baà ṣàníyàn. Èmi kò gbà pé ó dára nínú irú àìsàn yìí, torí pé ìtọ́jú rẹ̀ gùn kọjá ohun tí ènìyàn lè máa fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ lórí fóònù.

Ó gùn lóòótọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, àwọn tí ewu tiwọn pọ̀ tún máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lóṣù kẹta àti lóṣù kẹfà, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí di ọdún mẹ́ta. Kamẹ́rà náà ń padà wọlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Àárín àyẹ̀wò kan sí òmíràn ni mo ń fi ìrìn àjò sílé sí, dókítà mi sì ni mo ń bi kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú kamẹ́rà máa ń le fún mi ju ọ̀sẹ̀ oògùn lọ, nítorí pé kò sí bí ara mi ṣe lè sọ fún mi ohun tí wọn yóò bá níbẹ̀.

Bí BCG kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ohun tí wọ́n sábà máa ń dábàá ni kí a yọ àpò ìtọ̀ kúrò pátápátá. Wọ́n á gé díẹ̀ nínú ìfun, wọ́n á fi ṣe ọ̀nà tí ìtọ̀ yóò máa gbà jáde níkùn sínú àpò kan tí a lẹ̀ mọ́ ara, tàbí kí wọ́n fi ìfun náà ṣe àpò ìtọ̀ tuntun síbi ti àtijọ́. Mo bẹ dókítà kí ó jẹ́ kí n bá ẹni tí ó ti la èyí kọjá sọ̀rọ̀ kí ọ̀ràn tó di kánjúkánjú. Obìnrin tí wọ́n fi mí mọ̀ ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó sì fi àpò náà hàn mí láìtijú. Ìbẹ̀rù mi dín kù púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Títí di ìsinsìnyí, kamẹ́rà kò tíì rí kókó mìíràn. Síbẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ṣàdéhùn pé bí iṣẹ́ abẹ ńlá náà bá di dandan, òun ni yóò wá dúró tì mí, a sì ti ń kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ báyìí: ìwé ìrìnnà rẹ̀ tí ó ní láti tún ṣe, àti lẹ́tà tí ilé ìwòsàn yóò kọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba láti ṣàlàyé ìdí tí mo fi nílò ẹni tí yóò tọ́jú mi.